Tirumala, Òkè Méje: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Tẹ́ńpìlì Venkateswara

Tẹ́ńpìlì orí òkè kò lóǹkà ní ilẹ̀ Íńdíà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, Tirumala ni mo máa mú. Kì í ṣe nítorí wúrà rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo. Ohun tó fi wọ̀ mí lọ́kàn ni pé òrìṣà tó wà níbẹ̀ jẹ gbèsè, àwọn tó ń gòkè lọ bá a sì gbà pé àwọn ń bá a san díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíì ń fi owó san, ẹlòmíì ń fi irun orí, ẹlòmíì ń fi orúnkún tó fi gun àtẹ̀gùn. Àwọn ohun tí èèyàn máa ń béèrè tí ọ̀rọ̀ Tirumala bá délẹ̀ nìyí.

Níbo ni Tirumala wà? Ṣé òun náà ni Tirupati?

Ibi méjì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń da orúkọ wọn pọ̀. Tirupati ni ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní gúúsù Íńdíà, nítòsí ààlà Tamil Nadu. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń dé, ibẹ̀ ni ọjà àti ilé ìtura pọ̀ sí. Tirumala ni ti orí òkè, níbi tí tẹ́ńpìlì wà. Ó fi nǹkan bíi mítà 850 ga ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Chennai, olú ìlú Tamil Nadu, máa wọ ọkọ̀ fún bíi kìlómítà 135 kó tó dé Tirupati, lẹ́yìn náà ló máa wá gòkè.

Òkè méje ni wọ́n ka ibẹ̀ sí: Seshadri, Neeladri, Garudadri, Anjanadri, Vrishabhadri, Narayanadri àti Venkatadri. Wọ́n ní orí méje Adisesha ni wọ́n, ìyẹn ejò ńlá tí Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà tó tóbi jù nínú ẹ̀sìn Hindu, máa ń sùn lé. Orí Venkatadri ni tẹ́ńpìlì wà, létí adágún mímọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Swami Pushkarini.

Igbó Seshachalam ló yí òkè náà ká. Níbẹ̀ ni igi pupa kan ti ń hù tí ẹ ò lè rí i kó hù fúnra rẹ̀ ní ibòmíràn láyé yàtọ̀ sí agbègbè yẹn. Ẹbí kan náà ni òun àti igi osùn tiwa. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ igi ń pe tiwọn ni Pterocarpus santalinus, tiwa ni Pterocarpus osun, orúkọ Yorùbá sì ni wọ́n mú fún èyí tó kẹ́yìn yẹn. Àwọn tó ń jí igi gé kò jẹ́ kí igi tiwọn sinmi, torí owó ńlá ni wọ́n ń tà á lókè òkun.

Ta ni wọ́n ń sìn níbẹ̀?

Venkateswara ni, tó jẹ́ Vishnu fúnra rẹ̀ ní àwòrán kan. Àwọn ará àríwá Íńdíà ń pè é ní Balaji, àwọn mìíràn ń pè é ní Srinivasa. Orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń gòkè ni Govinda. Ẹnìkan á ké e, gbogbo ìlà á dáhùn: "Govinda! Govinda!"

Òkúta dúdú ni ère náà, ó wà lórí ìdúró, ó ní ọwọ́ mẹ́rin. Ọwọ́ méjì òkè mú ìkarahun òkun àti ohun ìjà roboto tí Vishnu máa ń mú dání. Ọwọ́ ọ̀tún ìsàlẹ̀ nà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni ń sọ fún olùjọsìn pé ibí ni kó sá sí. Ìlà funfun ńlá tí wọ́n fi kun iwájú orí rẹ̀ ṣíji bo ojú rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ní agbára ojú náà pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kò lójú lọ. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń dín ìlà náà kù kí ojú lè hàn, àwọn tó mọ̀ a sì máa wá ọ̀nà láti lọ lọ́jọ́ yẹn.

Báwo ló ṣe dé orí òkè?

Ìtàn náà gùn, mi ò sì ní gé e kúrú jù, torí òun ni ìdí gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí dòní.

Wọ́n ní àgbà amòye kan tó ń jẹ́ Bhrigu fẹ́ mọ èyí tó tóbi jù nínú àwọn òrìṣà ńlá mẹ́ta. Ó dé ọ̀dọ̀ Vishnu, ó bá a lórí ìdùbúlẹ̀, kò sì tètè dá a lóhùn. Ni Bhrigu bá gbá a nípàá láyà. Vishnu kò bínú o. Ńṣe ló gbá ẹsẹ̀ Bhrigu mú, tó ń wọ́ ọ, tó ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà dùn ún. Àmọ́ àyà Vishnu yẹn ni ibùjókòó Lakshmi aya rẹ̀, òun tó ni ọrọ̀. Lakshmi ní òun ò lè gbé ibi tí wọ́n ti gbá òun nípàá tí ọkọ òun sì ń kí ẹni tó gbá a. Ó di ẹrù, ó forí lé ìlú Kolhapur.

Vishnu kò gbádùn mọ́. Ó wá ìyàwó rẹ̀ títí, ó sì dé orí òkè yìí, ó kó sínú ọ̀gán kan. Màlúù ọba wá ń ya lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń da wàrà sórí ọ̀gán. Nígbà tí ẹni tó ń da màlúù náà rí i, ó ju àáké sí i, Vishnu bá dìde gbà á sórí. Ojú ọgbẹ́ náà pá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Neela Devi rí i pé orí tó dára bẹ́ẹ̀ ti ní àbùkù, ló bá gé irun tirẹ̀ fi bò ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òrìṣà wa, tó ti ń jẹ́ Srinivasa báyìí, lọ ṣọdẹ, ó sì rí Padmavati, ọmọ Akasa Raja. Ìfẹ́ wọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọrọ̀ ti kó jáde nílé, owó ìgbéyàwó kò sí, ọmọ ọba ló sì fẹ́ fẹ́. Ó lọ bá Kubera tó ni àpótí ìṣúra àwọn òrìṣà, ó yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ó ṣèlérí pé òun á máa san èlé títí ìgbà ayé yìí yóò fi parí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ìgbéyàwó náà sì dùn. Gbèsè ló kù nílẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti yáwó ṣe ìyàwó rí lè gbọ́ ìtàn yìí kó má béèrè àlàyé.

Ṣé gbèsè yẹn ni owó inú àpótí ọrẹ wà fún?

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùjọsìn gbà á. Hundi ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń sọ ọrẹ sí. Aṣọ funfun ńlá ni, tí wọ́n so rọ̀ bí àpò, tí ìkòkò irin fẹ̀ sínú rẹ̀. Owó wẹ́wẹ́ ń wọ ibẹ̀, owó ńlá ń wọ ibẹ̀, ẹlòmíì á bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ jù sí i láìwẹ̀yìn. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ohun tó ń wọ inú hundi lọ́dún kan ti kọjá bílíọ̀nù 10 rupee. Ó ní iyàrá tí àwọn tó ń kà á jókòó sí, wọ́n ń ya owó bébà sọ́tọ̀, wọ́n ń ya wúrà sọ́tọ̀.

Tẹ́ńpìlì Govindaraja wà ní ìsàlẹ̀, ní Tirupati. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Venkateswara ni, òun ni wọ́n fún ní iṣẹ́ kí ó máa wọn owó gbèsè náà. Ère rẹ̀ dùbúlẹ̀, òṣùwọ̀n ló sì fi ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n ní owó náà ló wọ̀n wọ̀n tó fi rẹ̀ ẹ́.

Ta ló kọ́ tẹ́ńpìlì náà, ọdún wo sì ni?

Ẹnì kan kọ́ ló kọ́ ọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ọba kan tó ń jẹ́ Tondaman ló kọ́kọ́ kọ́lé sí i. Ohun tí òkúta àti ìwé fi hàn ni pé òkè náà ti lókìkí tipẹ́tipẹ́. Àwọn ìwé Tamil àtijọ́ mọ̀ ọ́n sí Vengadam, òkè tó jẹ́ ààlà ilẹ̀ Tamil níhà àríwá. Àwọn akéwì mímọ́ Tamil tí wọ́n ń pè ní Alvar náà kọrin yìn ín, ìyẹn ló sì fi wà lára ibi mímọ́ 108 tí àwọn ọmọlẹ́yìn Vishnu ń bọ̀wọ̀ fún jù.

Ọ̀kan nínú ọrẹ àtijọ́ tí a mọ orúkọ ẹni tó ṣe é wá láti ọwọ́ obìnrin. Samavai, olorì láti ìdílé ọba Pallava, fi ère fàdákà kékeré kan àti ohun ọ̀ṣọ́ ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ. Ó fi ilẹ̀ kún un, ó ní kí wọ́n máa fi èrè ilẹ̀ náà ṣe ọdún. Ọ̀pọ̀ òpìtàn fi èyí sí ọdún 966. Ère fàdákà náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, òun ni wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn lálẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ kí òrìṣà sùn.

Ramanuja, olùkọ́ ńlá nínú ẹ̀sìn Vishnu, ni wọ́n gbóríyìn fún pé ó to ìlànà ìjọsìn ibẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Vijayanagara dé, ìgbà yẹn gan-an sì ni wúrà wọ òkè. Krishnadevaraya, tó jọba láti 1509 sí 1529, wá síbẹ̀ ní ìgbà méje. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ní 1513. Òun ló fi wúrà bo orí ilé tó wà lókè ibùjókòó ère, tí wọ́n ń pè ní Ananda Nilayam. Ẹni tó bá ń wọlé lónìí máa rí ère bàbà ọba náà láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, Tirumala Devi àti Chinna Devi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ pọ̀, wọ́n kọjú sí òrìṣà. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ọba tó ní gbogbo agbára yẹn kò ní kí wọ́n ṣe ère òun lórí ìtẹ́. Ìdúró olùjọsìn ló yàn, ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti ń kọjá lára rẹ̀.

Ara ògiri tẹ́ńpìlì kún fún àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí òkúta ní èdè Tamil, Telugu, Kannada àti Sanskrit. Ta ló fún wọn ní ilẹ̀, ta ló fún wọn ní fìtílà, oúnjẹ mélòó ni kí wọ́n máa gbé síwájú òrìṣà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ṣé àwọn Òyìnbó kò bà á jẹ́?

Wọn ò wó o. Wọ́n kàn ń gba owó rẹ̀ ni. Ní 1801 ni ilé-iṣẹ́ òwò East India ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso agbègbè náà, wọ́n sì ń bojú tó ohun tó ń wọlé fún tẹ́ńpìlì. Nígbà tó di 1843, tí àwọn míṣọ́nnárì ti ń bínú pé ìjọba Kristẹni ń ṣe alábòójútó ilé òrìṣà, wọ́n gbé e lé àwọn Mahant, àwọn olórí ilé ìsìn Hathiramji, lọ́wọ́. Àwọn yẹn ló mú un títí di 1933, tí ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Tirumala Tirupati Devasthanams, TTD ní kúkúrú, fi gbà á lábẹ́ òfin. TTD ló ń ṣàkóso rẹ̀ títí dòní.

Ta wá ni Hathiramji yìí?

Ará àríwá ni, Bavaji lorúkọ tó ń jẹ́. Wọ́n ní ó fẹ́ràn òrìṣà náà débi pé òrìṣà fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́, wọ́n á sì jọ ta ayò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òrìṣà fi ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá ẹ̀gbà, wọ́n bá a lọ́wọ́ Bavaji, wọ́n ní olè ni. Ọba sọ pé tó bá jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, kó jẹ ìrèké tó kún iyàrá kan tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Wọ́n tì í mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, wọ́n gbọ́ igbe erin, wọ́n ṣílẹ̀kùn, erin ti jẹ gbogbo ìrèké, ó sì bọ́ síta lọ. Wọ́n ní òrìṣà ló di erin. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi hathi, ìyẹn erin ní èdè àríwá, kún orúkọ Bavaji.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fá irun?

Nítorí Neela Devi ni. Ó fi irun tirẹ̀ bo ojú ọgbẹ́ òrìṣà, òrìṣà sì ṣèlérí pé irun tí àwọn olùjọsìn bá mú wá yóò jẹ́ ti Neela Devi. Ìyẹn ni ìdí tí ìtàn sọ. Ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó jókòó níwájú onígbàjámọ̀ ni ẹ̀jẹ́: ọmọ ṣàìsàn, ìyá ní tí ọmọ bá yè òun á fá orí òun lọ́dọ̀ Balaji. Ọmọ yè.

Kalyanakatta ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń fá a. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kọjá níbẹ̀ lójúmọ́, tọ̀sán tòru. Wọ́n á fún ẹ ní abẹ tuntun, ìwọ á mú un lọ bá onígbàjámọ̀. Ọkùnrin wà lára wọn, obìnrin náà wà. O máa bu omi sórí, o máa jókòó sílẹ̀, o máa tẹrí ba. Kò pẹ́ tí irun fi wálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn náà wọn á fi igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní sandal, tí wọ́n lọ̀ kunná, pa orí náà, á sì tutù. Obìnrin tí kò bá fẹ́ fá gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òrìṣà gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ tí obìnrin ti ń fi òróró àgbọn tọ́jú irun láti kékeré tó fi dé ìdí, ẹ wo bí ọrẹ yìí ti tóbi tó. Olówó àti tálákà ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú orí kan náà. Mi ò rò pé ọrẹ kan wà lórí òkè yẹn tó ju irun lọ, àní títí kan wúrà Krishnadevaraya.

Níbo ni irun náà ń lọ?

Ọjà ni. TTD ń ṣà á ní gígùn-gígùn, wọ́n ń tà á fún ẹni tó bá dá owó jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó gùn jù ló wọ́n jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ á fọ̀ ọ́, wọ́n á ran án, á di wíìgì àti irun àfikún, á sì lọ sí Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Áfíríkà. Irun tó ti Íńdíà wá kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ta irun èèyàn l'Ékòó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo irun Íńdíà ló ti tẹ́ńpìlì wá. Ọ̀pọ̀ jẹ́ èyí tó já sára ìyarun, tí àwọn kan ń gba ilé dé ilé rà.

Ní 2004, ọ̀rọ̀ irun yìí dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn Júù tí ń tẹ̀ lé òfin ẹ̀sìn wọn gidi, tí àwọn obìnrin wọn tó ti lọ́kọ máa ń fi wíìgì borí. Àwọn olórí ẹ̀sìn wọn kan ní Ísírẹ́lì dájọ́ pé irun tí wọ́n fá fún òrìṣà kò tọ́ fún wọn. Àwọn kan kó wíìgì olówó iyebíye jáde sí ojú pópó, wọ́n dáná sun ún, ní Ísírẹ́lì àti ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà.

Báwo ni èèyàn ṣe ń gòkè?

Bọ́ọ̀sì ń lọ, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń lọ. Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ṣí ní 1944, èkejì ní àwọn ọdún 1970. Ọ̀kan wà fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ máa ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà Alipiri ní àtẹ̀gùn tó lé ní 3,500, ó sì tó kìlómítà 9. Ti Srivari Mettu kúrú jù ú lọ, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 2,300, ṣùgbọ́n ó dà gọ́gọ́rọ́. Ẹ máa rí obìnrin tó ń fi ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ àti àtíkè pupa tí wọ́n ń pè ní kumkum sàmì sí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé òkè, ìdí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń dìde lórí gbogbo wọn nìyẹn. Àwọn mìíràn ń fi orúnkún gun apá tó kẹ́yìn.

Tí mo bá dé iwájú ère, kí ni mo máa rí?

Ẹ máa kọ́kọ́ dúró ná. Tíkẹ́ẹ̀tì 300 rupee ń dín ìdúró kù, ìlà ọ̀fẹ́ sì wà fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó tiẹ̀ lè di ọjọ́ kejì tí ọdún bá ń lọ lọ́wọ́. Inú gbọ̀ngàn ńláńlá ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn sí, wọ́n á fún yín ní oúnjẹ àti wàrà. Bàtà àti fóònù kò gbọ́dọ̀ wọlé. Aṣọ ilẹ̀ wọn ni kí ẹ wọ̀, sari tàbí ìró ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní dhoti.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá, ẹ ó gba ẹnu ọ̀nà fàdákà, ẹ ó wá dé ti wúrà. Òkùnkùn wà nínú ibùjókòó ère, iná fìtílà ló ń tàn án. Òdòdó bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ìlà funfun ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mú yín lójú. Kí ẹ tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn yín léjìká: "Jarugandi! Jarugandi!" Ìyẹn ni pé kí ẹ sún síwájú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ẹni tó ti dúró láti àná á jáde pẹ̀lú omijé, kò sì ní sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, torí ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí òun ti rí òrìṣà, bẹ́ẹ̀ ni òrìṣà rí òun, ìyẹn sì tó.

Ohun kan tún wà: obìnrin gúúsù Íńdíà fẹ́ràn kó fi òdòdó sírun, ṣùgbọ́n lórí Tirumala kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òrìṣà nìkan ló ni gbogbo òdòdó tó bá wà lórí òkè.

Kí ni laddu, tí gbogbo ẹni tó bá lọ máa ń gbé bọ̀?

Oúnjẹ dídùn roboto ni, ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana ni wọ́n ń dín, wọ́n á fi ṣúgà, bọ́tà màlúù tí wọ́n yọ́, kajú, èso àjàrà gbígbẹ àti cardamom sí i, wọ́n á wá fọwọ́ rọ ọ́. Láti 1715 ni wọ́n ti ń gbé e síwájú òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí TTD ti sọ. Ilé ìdáná inú tẹ́ńpìlì ń ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ lójúmọ́, àti pé láti 2009 òfin Íńdíà kò gba ẹlòmíì láàyè láti fi orúkọ laddu Tirupati ta tirẹ̀. Ẹni tó bá gòkè kì í jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mú dé ilé, kó pín in fún ará ilé àti aládùúgbò, kódà kó jẹ́ ìwọ̀nba tí èèyàn lè fi ìka mẹ́ta mú.

Ní September 2024, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, Chandrababu Naidu, fẹ̀sùn kàn pé nígbà ìjọba tó ṣáájú tirẹ̀, bọ́tà tí wọ́n lò kò mọ́, pé ọ̀rá ẹran wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú ní irọ́ ni. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e kó wádìí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀pọ̀ Hindu ṣe ń sá fún ẹran á mọ ìdí tí ọkàn fi gbọgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ipa wo ni tẹ́ńpìlì náà ní lórí orin àti ewì?

Ipa ńlá. Annamacharya, tó gbé ayé láti 1408 sí 1503, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọrin fún Venkateswara ní èdè Telugu. Wọ́n ní orin rẹ̀ tó 32,000. Ìdílé rẹ̀ gbẹ́ wọn sára àwo bàbà, wọ́n kó wọn pa mọ́ sínú yàrá òkúta kékeré kan nínú tẹ́ńpìlì, nítòsí hundi. Àwo náà wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí ayé gbàgbé wọn, kí wọ́n tó kó wọn jáde ní àwọn ọdún 1920. Nǹkan bíi 12,000 orin ló kù. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ti ìfẹ́, òmíràn ń bá òrìṣà ṣeré bí ọ̀rẹ́. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù sọ pé Ọlọ́run kan náà ló wà fún ọlọ́lá àti ẹrú, oorun tí ọba sùn kò yàtọ̀ sí ti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń pín èèyàn sí ìpele, ọ̀rọ̀ tó nílò ìgboyà ni.

Tarigonda Vengamamba náà wà, obìnrin akéwì tí ọkọ rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Àṣà ní kí opó fá irun. Wọ́n ní kò gbà, ó ní Venkateswara ni ọkọ òun. Ó gòkè lọ, ó ń kọ̀wé, ó sì ń bọ́ àwọn tó bá wá jọ́sìn. Ó kú ní 1817. Lórí òkè tí gbogbo èèyàn ti ń fá orí yìí, orúkọ obìnrin tí kò gbà kí wọ́n fá tirẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé oúnjẹ ńlá tó wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe?

Oúnjẹ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Láti 1985 ni wọ́n ti ń fún ẹnikẹ́ni tó bá gòkè ní oúnjẹ ọ̀fẹ́: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti nǹkan dídùn, gbogbo rẹ̀ lórí ewé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń jókòó ti ara wọn jẹun, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdílé ẹni. TTD ní ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ilé ọmọ aláìníìyá. Ilẹ̀ tẹ́ńpìlì ni wọ́n fi dá Yunifásítì Sri Venkateswara sílẹ̀ ní 1954.

Ṣé ẹni tí kì í ṣe Hindu lè wọlé?

Ó lè wọlé, tó bá ti lè fọwọ́ sí ìwé pé òun gba Venkateswara gbọ́. Òṣèlú máa ń gbé ọ̀rọ̀ ìwé yìí gbóná nígbà tí olóṣèlú ẹlẹ́sìn mìíràn bá fẹ́ gòkè.

Àmọ́ láàárín àwọn aráàlú, ààlà náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn kan sọ pé òrìṣà náà ní ìyàwó Mùsùlùmí, Bibi Nanchari. Ní Devuni Kadapa, ìlú tí àwọn tó ń lọ sí Tirumala máa ń yà ní àtijọ́, àwọn Mùsùlùmí a máa lọ sí tẹ́ńpìlì Venkateswara ní ọjọ́ ọdún tuntun Telugu, torí àna wọn ni wọ́n kà á sí. Àti ní 1984, Mùsùlùmí kan láti ìlú Guntur fi òdòdó wúrà 108 ta tẹ́ńpìlì Tirumala lọ́rẹ. Òdòdó yẹn ni wọ́n ń lò nínú ìjọsìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé Yorùbá tí Mùsùlùmí, Kristẹni àti onísẹ̀ṣe ti jọ ń jẹ ọdún ara wọn kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí.

Ọdún wo ló tóbi jù?

Brahmotsavam, tó ń bọ́ sí September tàbí October. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Wọ́n ń gbé Malayappa, ère tó dúró fún òrìṣà níta, yí àwọn òpópónà tẹ́ńpìlì ká lórí oríṣiríṣi ohun gígùn. Alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, tó máa ń gun Garuda, ẹyẹ Vishnu, lèrò ń pọ̀ jù.

Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ó wà, kò sì yẹ ká fi pa mọ́. Èrò ni àkọ́kọ́. Ní January 2025, èèyàn mẹ́fà kú ní Tirupati nínú ìtì-mí-n-tì-ọ́ níbi tí wọ́n ti ń pín tíkẹ́ẹ̀tì Vaikunta Ekadasi, ọjọ́ mímọ́ ńlá kan fún Vishnu. Ẹkùn náà wà nínú igbó. Ní 2023, ọ̀kan pa ọmọdébìnrin kan lójú ọ̀nà Alipiri. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ní ọ̀pá, tí wọ́n sì dín àkókò tí ọmọdé lè gba ọ̀nà náà kù. Ẹni tó bá mú ọmọ dání, kó gba ọ̀nà mọ́tò.

Ṣé ó di dandan kí n dé Íńdíà kí n tó rí irú rẹ̀?

Rárá. Àwọn ará gúúsù Íńdíà tó ṣí lọ sí òkèèrè kọ́ irú rẹ̀ síbi tí wọ́n dé. Ti Penn Hills nítòsí Pittsburgh ní Amẹ́ríkà wà láti àwọn ọdún 1970, orí òkè náà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ti Tividale, nítòsí Birmingham, tó ṣí ní 2006. Àwọn ọmọ wa tó wà lágbègbè yẹn lè yà síbẹ̀ wò ó.

Tí mo bá wá fẹ́ lọ sí Tirumala gan-an, ibo ni kí n kọ́kọ́ yà?

Ilé Varaha. Ó wà létí adágún, níhà àríwá. Varaha, tí òun náà jẹ́ Vishnu ní àwòrán ìmàdò, ló ni ilẹ̀ òkè kí Srinivasa tó dé. Srinivasa bẹ̀ ẹ́ fún ibùgbé, kò sì ní owó tó máa san, ló bá ṣèlérí pé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni àwọn tó bá wá kí òun yóò ti kọ́kọ́ yà, òun sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún. Lẹ́yìn Varaha, ẹ bọ́ sórí ìlà Venkateswara. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má padà sílé láìdé Tiruchanur, kìlómítà díẹ̀ sí Tirupati, torí ibẹ̀ ni Padmavati ń gbé, wọ́n sì gbà pé ẹni tó kí ọkọ tí kò kí ìyàwó kò tíì parí ìrìn àjò rẹ̀.